Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ṣiṣẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Ìtàkùrọ̀sọ Eré Onítàn Kúkúrú

Ìtàkùrọ̀sọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń bá ara wọn sọ lórí ìtàgé. Nínú ìwé ìtàn-àròsọ, asọ̀tàn lè dá sí ọ̀rọ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú: ó lè tú ohun tó wà lọ́kàn ẹnìkan síta, kó ṣàpèjúwe ìlú, kó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Eré onítàn kò ní irú asọ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí òǹwòran bá máa mọ̀, yálà kó gbọ́ ọ lẹ́nu òṣèré, tàbí kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Eré kúkúrú tún mú iṣẹ́ náà le sí i, nítorí kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó kàn ń kọjá lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀: kó fi ìwà ẹni tó sọ ọ́ hàn, kó sún ọ̀rọ̀ síwájú, kó sì jẹ́ kí òǹwòran mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àwọn Yorùbá ń kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Eré àkọ́kọ́ tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní Èkó ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ló ṣe é fún, orin ló sì gbé e ró. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún eré wọn, orin nìkan ni wọ́n sábà ń kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ohun tí àwọn òṣèré fúnra wọn ń hun nígbà ìdánrawò, tí wọ́n sì ń tún ṣe láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n bá ti rí èyí tó ń pa èrò lẹ́rìn-ín àti èyí tó ń mú wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn tó tẹ eré jáde nínú ìwé, bíi J. F. Ọdúnjọ tó kọ Agbàlọ́wọ́méèrí Baálẹ̀ Jòntolo (1958) àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), kò ní àǹfààní yẹn. Wọ́n ní láti gbọ́ ohùn òṣèré nínú ara wọn kí òṣèré tó dé rárá. Iṣẹ́ kan náà ló ń dúró de ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ eré kúkúrú lónìí.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń wá nǹkan

Ìpìlẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ ni pé kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ àṣẹ, ó lè jẹ́ ìdáríjì, ó sì lè jẹ́ kí ẹnì kejì kàn má béèrè ìbéèrè kan. Bí ẹni méjì bá wà lórí ìtàgé tí kò sí ohun tí èkíní ń wá lọ́wọ́ èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ etí, eré ti dúró. Bí ohun tí èkíní ń wá bá sì lòdì sí ohun tí èkejì ń wá, ìforígbárí ti wọ inú ọ̀rọ̀, òǹwòran yóò sì fẹ́ mọ ibi tó máa já sí.

Àràròmí tó wà létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lè pèsè àpẹẹrẹ. Ẹja pípa ni iṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọ òkun, àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n sì ń kó o lọ sọ́jà, títí dé Igbókọ̀dá tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ká ní òǹkọ̀wé kan fẹ́ kọ eré nípa opó kan níbẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Òkun ló gbé bàbá lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ló kù. Ọmọ fẹ́ tà á kó lè lọ sí Èkó. Ìyá kò fẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lè kọ ọ́ báyìí:

TÁYỌ̀: Màámi, ẹ mọ̀ pé bàbá mi kú sínú òkun ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ tà á kí n lè lọ sí Èkó, torí ẹ̀rù òkun ń bà mí.

ÌYÁ: Rárá o, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni ohun ìrántí kan ṣoṣo tí mo ní. Inú mi kò ní dùn bí o bá tà á.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí eré nínú rẹ̀. Táyọ̀ ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ti mọ̀ fún un, kìkì nítorí pé òǹwòran kò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì tú inú wọn síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò wá ku nǹkan kan tí òǹwòran máa wá. Gbólóhùn méjì péré, ìjà ti parí. Bí òǹkọ̀wé kan náà bá ronú sí ohun tí oníkálukú ń wá àti ohun tó ń fi pa mọ́, ó lè tún un kọ báyìí:

(Ìyá ń yan ẹja. Táyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.)

TÁYỌ̀: Ẹ kú iṣẹ́, Màámi.

ÌYÁ: Igi yìí tutù. (Ó fẹ́ iná.) Wọ́n ní o lọ sí Igbókọ̀dá lánàá.

TÁYỌ̀: Mo kàn débẹ̀ ni.

ÌYÁ: Ọwọ́ òfo lo fi lọ. O ò gbé ẹja kankan dání.

TÁYỌ̀: Ọkùnrin kan ń bọ̀ wá wo ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́la.

ÌYÁ: Ẹ́ńjìnnì wo?

TÁYỌ̀: Ọdún méjì ló ti wà lábẹ́ tapólì, Màámi. Iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́.

ÌYÁ: Mò ń fi epo nù ún. Gbogbo Sátidé ni mò ń fi epo nù ún.

TÁYỌ̀: Ta wá ni yóò gbé e wọ omi?

ÌYÁ: (Ó yí ẹja kan padà.) Àwọn Ṣẹ́gun kọjá láàárọ̀. Wọ́n ní àyè ẹnì kan ṣì wà nínú ọkọ̀ àwọn.

TÁYỌ̀: Eérú ti bo aṣọ yín.

ÌYÁ: Mi ò sọ̀rọ̀ aṣọ, Táyọ̀.

Nínú èyí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ikú bàbá, síbẹ̀ òǹwòran ti ń fura sí i láti orí ọdún méjì, tapólì àti epo tí ìyá fi ń nu ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rù òkun ń ba Táyọ̀. Ohun tó sọ ọ́ ni pé ó fo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ṣẹ́gun, ó lọ dì mọ́ eérú. Ìyá náà kò sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun lọ. Ó ń wá iṣẹ́ fún un nílé. Lílọ sí Igbókọ̀dá lọ́wọ́ òfo jẹ́ ẹ̀sùn, nítorí pé ní ìlú apẹja, ẹni tó ń lọ sọ́jà láìgbé ẹja ti ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ìbéèrè “Ẹ́ńjìnnì wo?” kò béèrè nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó kàn ń fún ọmọ láyè kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sẹ́nu ni.

Ohun tí a kò sọ

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn jù kì í sábà lè sọ ọ́. Àwọn tó kọ eré nípa àwọn ará etí omi mọ èyí dáadáa, nítorí pé ikú inú omi jẹ́ ohun tí ojúlé kan lè máa yẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nínú Riders to the Sea, eré kúkúrú tí J. M. Synge kọ nípa àwọn apẹja erékùṣù Aran ní Ireland, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1904, àwọn ọmọbìnrin méjì gba aṣọ ẹnì kan tó kú sómi, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ti arákùnrin wọn ni. Wọ́n fi í pa mọ́ fún ìyá wọn. Bí ìyá bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, iná àti ẹṣin ni wọ́n ń sọ. Òǹwòran tó ti rí ibi tí wọ́n gbé ìdì aṣọ náà sí ń gbọ́ ẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì.

Wọlé Ṣóyínká ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú The Swamp Dwellers, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní 1958. Ilé orí àbàtà ní gúúsù Nàìjíríà ni eré náà ti wáyé, ilé tí ará Ìlàjẹ yóò tètè dá mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Alu àti ọkọ rẹ̀ Makuri ń jiyàn lórí ọmọ wọn kan tó ti lọ: ìyá ní ó ti kú sínú àbàtà, bàbá ní ìlú ńlá ló lọ. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá tó ń fi orí kunkun sọ pé ọmọ òun ti kú dà bí ẹni tó ń rò lọ́kàn pé bí ọmọ náà bá wà láàyè, kò ní gbàgbé òun. Ọkàn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ìyá kò sì sọ ọ́ jáde.

Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé tó kọ gbólóhùn kan, ó yẹ kó mọ ohun méjì nípa ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀: ohun tó fẹ́ sọ àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Àárín méjèèjì ni ìtàkùrọ̀sọ tó dára ti ń jáde. Ìdákẹ́ náà jẹ́ èsì. Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé ojú sílẹ̀, tó ń fi ìka họ ilẹ̀, ti fèsì. Ìtọ́sọ́nà òṣèré tí wọ́n kọ sínú àkámọ́ ló yẹ kó gbé irú èsì bẹ́ẹ̀, kó sì ṣe ṣókí: “Ó yí ẹja padà” tó. Kò sí ìdí láti kọ pé “ó yí ẹja padà pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn”. Òṣèré ló máa wá ìbànújẹ́ náà rí.

Ìpè, ìkíni àti ọ̀wọ̀

Èdè Yorùbá fi irinṣẹ́ kan lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní tó bẹ́ẹ̀: bí ẹnìkan ṣe ń pe ẹnìkejì. “Ẹ” àti “o”, “màámi” àti “ìyá yìí”, “ẹ̀gbọ́n” àti orúkọ lásán, gbogbo wọn ń sọ ipò tí ẹni méjì wà sí ara wọn láìsí àlàyé kankan. Bí ọmọ tó ti ń sọ “ẹ” láti ìbẹ̀rẹ̀ eré bá já sí “o” lójijì, òǹwòran yóò mí kanlẹ̀, nítorí pé ohun kan ti bàjẹ́ tí kò rọrùn láti tún ṣe. Bí ọkọ bá ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní “Ìyá Táyọ̀”, tó wá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ìfẹ́ ni tàbí ìbínú. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ nínú eré kúkúrú. Ẹyọ kan tó bọ́ sákòókò tó.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà fi hàn bí agbára ṣe ń yí èdè padà. Ìyálóde Ìbàdàn tó lówó, tó sì ní ẹrú rẹpẹtẹ, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ. Bí àwọn ẹrú rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí nítòsí yàtọ̀ pátápátá sí bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn lójúkojú. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún òǹwòran pé ìbẹ̀rù wà nínú ilé náà.

Ìkíni ń fẹ́ àkíyèsí. Àwọn tó ń kọ́ni ní eré kíkọ ní òkè òkun sábà máa ń ní kí òǹkọ̀wé gé gbogbo “ẹ káàárọ̀” kúrò kó lè tètè dé orí ọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá gé e pátá, àwọn ẹ̀dá-ìtàn yóò dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́, òǹwòran yóò sì rò pé ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìkíni náà máa ṣiṣẹ́. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, Táyọ̀ kí ìyá rẹ̀, ìyá kò dáhùn, ọ̀rọ̀ igi tutù ló mú bọnu. Ìkíni tí wọn kò dáhùn ti sọ fún gbogbo èrò pé ìyá ti gbọ́ nǹkan kan.

Òwe nípò rẹ̀

Eré Yorùbá tí kò ní òwe yóò jọ ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ àpọ̀jù ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí òǹkọ̀wé máa fi òwe ṣe ọ̀ṣọ́, tí gbogbo ẹ̀dá-ìtàn, àtọmọdé àtàgbà, á máa pa á bákan náà. Òwe tó wúlò lórí ìtàgé ni èyí tí ẹnìkan fi ṣe nǹkan sí ẹlòmíràn: ó fi bá a wí, ó fi tù ú, ó fi tì í sí kọ̀rọ̀, tàbí ó fi sá fún ìbéèrè.

Àgbàlagbà kì í sábà parí òwe fún ẹni tó gbọ́n. Bí ìyá Táyọ̀ bá sọ pé “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà…”, tó sì padà sídìí iná rẹ̀, èrò tó wà níwájú ìtàgé ni yóò parí rẹ̀ nínú ọkàn wọn, wọ́n á sì ti di ara ìjà náà. Ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kó ní “tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà”, kí àgbà sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Àyè tó tọrọ yìí lè di ibi tí eré ti gbóná: bí Táyọ̀ bá fo ìtọrọ náà, ìgboyà ni tàbí àfojúdi, bí ìyá bá kọ̀ láti dá a lóhùn, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ohùn ẹnìkọ̀ọ̀kan

Ìdánwò kan wà tí gbogbo ìtàkùrọ̀sọ gbọ́dọ̀ yege: bí wọ́n bá fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà níwájú gbólóhùn, ó yẹ kí òǹkàwé ṣì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní etí òkun Ìlàjẹ nìkan, ohùn pọ̀ tí òǹkọ̀wé lè yà sọ́tọ̀. Apẹja ń sọ gbólóhùn kúkúrú, ó sì ń dárúkọ nǹkan: àwọ̀n, afẹ́fẹ́, pẹtírò. Oníṣòwò tó wá ra ẹja ń fi ìbéèrè bọ inú ọ̀rọ̀, ó sì ń padà sórí iye owó. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ máa ń parí gbólóhùn rẹ̀. Wòlíì Aládùúrà máa ń gba ọ̀rọ̀ gùn, ó sì ń tún un sọ. Irú wòlíì bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí òkun yìí, nítorí pé Aládùúrà ló tẹ ìlú Ayétòrò dó ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní 1947. Ṣóyínká lo irú ohùn yìí nínú The Trials of Brother Jero, eré tó jáde ní 1960, tó sì dá lórí wòlíì etíkun ní Èkó: Jero ń bá òǹwòran sọ Gẹ̀ẹ́sì tó dán, ṣùgbọ́n nígbà tí Chume ọmọ ìjọ rẹ̀ bá gbàdúrà títí tí ara rẹ̀ gbóná, èdè Píjìn ló ń bọ́ sí. Àyípadà èdè ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tẹ̀ lé èyí. Èdè Ìlàjẹ, pẹ̀lú Ìkálẹ̀ àti Oǹdó, wà lára ẹ̀ka Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Yorùbá. Ó di ìró “gh” mú, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti sọ nù, ó sì ń gba fáwẹ́lì “u” láàyè níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú orúkọ Ugbò. Nínú ẹ̀ka yìí, arọ́pò-orúkọ ẹnìkejì ọ̀pọ̀ àti ti ẹnìkẹta ọ̀pọ̀ ti papọ̀ di ọ̀kan, nítorí náà bí “ẹ” ṣe ń gbé ọ̀wọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ eré fún àwọn ará Àràròmí ní èdè wọn gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìpè, ìkíni àti ìdúró ara bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí eré bá wà fún gbogbo Yorùbá, ó lè fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́, kó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà hàn níbi tó bá ti yẹ. Ohun kan tí kò yẹ ni kó fi ẹ̀ka-èdè sẹ́nu òpè nìkan, kí èrò lè rẹ́rìn-ín. Èdè tí ènìyàn fi ń ṣọ̀fọ̀, tó fi ń fẹ́ ìyàwó, tó sì fi ń gbàdúrà kò tọ́ sí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀.

Bí ìròyìn àtẹ̀yìnwá ṣe ń wọlé

Eré kúkúrú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nítòsí wàhálà. Bí ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì bá ń bọ̀ lọ́la, òní ni kí eré bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí bàbá kú. Ohun tó ti kọjá á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi í jà. Ká ní eré mìíràn dá lórí Ayétòrò, níbi tí òkun ti jẹ ilẹ̀ tó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹ̀dá-ìtàn tó bá sọ pé “Òkun ti gbé ilé wa lọ, bí ẹ ti mọ̀” ń ka ìròyìn ni. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó ní “Ọ̀dọ̀ ta lẹ wá ń sùn báyìí?”, òǹwòran ti mọ̀ pé ilé ti lọ, ó sì ti mọ̀ pé ẹni tó ń béèrè ń ṣàánú. Ìbéèrè, ẹ̀sùn àti ẹ̀bẹ̀ ń gbé ìròyìn wọlé ju àlàyé lọ.

J. P. Clark ṣe èyí ní ọ̀nà mìíràn nínú The Raft (1964). Agégẹdú mẹ́rin wà lórí igi tí wọ́n dì pọ̀ lórí omi. Okùn já, omi sì ń gbé wọn lọ. Wọn kò lè kúrò lójú ara wọn. Nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti wá ń jáde bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, tí wọ́n sì ń tu ara wọn nínú. Fífi àwọn ẹ̀dá-ìtàn síbi tí wọn kò ti lè sá fún ara wọn jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tó dájú jù láti mú wọn sọ̀rọ̀.

Títún ọ̀rọ̀ ṣe

Ìtàkùrọ̀sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n dà kọ. Bí wọ́n bá gba ohùn àwọn obìnrin méjì ní ọjà Igbókọ̀dá sílẹ̀, àtúnsọ, “ìyẹn ni pé” àti ọ̀rọ̀ tí kò parí ni yóò pọ̀ jù. Òǹkọ̀wé máa mú ìró àti ìlù ọ̀rọ̀ náà, á sì gé ohun tí kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá parí ìkọ̀wé àkọ́kọ́, ó yẹ kó kà á sókè, nítorí pé etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú fo. Gbólóhùn tí èémí kò bá gbé dé òpin gùn jù. Gbólóhùn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan lọ. Ibi tí ìdáhùn bá ti bá ìbéèrè mu jù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ènìyàn sábà máa ń dáhùn ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í.

Èdè Yorùbá tún béèrè pé kí wọ́n fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ dáadáa. Òṣèré tó bá ka ọkọ́ sí ọkọ̀ níwájú àwọn apẹja yóò ba ìran kan jẹ́. Bí orin bá wọ inú eré, yálà Bírípo àwọn Ìlàjẹ tàbí oríkì irú èyí tí Dúró Ládiípọ̀ lò nínú Ọba Kò So (1963), ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè ṣe, bíi kí ẹnìkan kọ ọ́ láti fi bo ohun tí kò fẹ́ dáhùn.

Lórí ìwé, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn ni wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ìtọ́sọ́nà òṣèré á sì wà nínú àkámọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí òǹkọ̀wé kó òṣèré jọ, kó fi ìwé lé wọn lọ́wọ́, kó sì dákẹ́. Ibi tí òṣèré ti ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ ló ní àléébù, kì í ṣe òṣèré. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn rọ́pò èyí tó wà nínú ìwé, ó yẹ kó tẹ́tí sí i, bí àwọn alárìnkiri ìgbà Ògúndé ti ń ṣe, nítorí pé tiwọn lè dára jù. Gbólóhùn tí òṣèré lè sọ láìsí àlàyé, tí ẹni tó ń bá a ṣeré sì mọ ohun tó máa fi fèsì kí ó tó parí, ti tó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.